Ṣé ọjọ́ mẹ́jọ ní Zanzibar tó láti kọ́ ìmòòkùn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ń ti Manchester lọ lo ọjọ́ mẹ́jọ ní Zanzibar nínú oṣù kẹjọ. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n mòòkùn. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ díẹ̀ nínú omi hòtẹ́ẹ̀lì, mi ò wẹ̀ nínú òkun rí. Ọkọ mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá. Hòtẹ́ẹ̀lì wa ní ọjọ́ tí a bá dé gan-an làwọn lè mú mi lọ sísàlẹ̀ omi, láìsí wàhálà ẹ̀kọ́ kankan. Ṣé kí n gba ìyẹn ni, àbí kí n kọ́ ọ délẹ̀? Etí máa ń dùn mí bí ọkọ̀ òfúrufú bá fẹ́ balẹ̀. A sì fẹ́ fi ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn lọ wo ẹranko ní Ngorongoro, kòtò ńlá orí òkè ní Tanzania. Màmá mi ní kí n fi Olókun sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọjọ́ mẹ́jọ tó, bí o bá lè ṣe ohun méjì. Kọ́ apá kan ẹ̀kọ́ náà ní Manchester kí o tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, kí o sì gbé Ngorongoro kúrò níparí ìrìn àjò wá síbẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, àmọ̀ràn ni. Ti Ngorongoro, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmọ̀ràn o, òun ni kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ́síjìn nìkan ló wà nínú sílíńdà. Rárá o. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí yìí náà ni, wọ́n kàn sẹ́ ẹ kó mọ́, wọ́n sì fún un pọ̀ sínú irin. Nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ọ́síjìn kò ju nǹkan bíi 21 lọ. Náítírójìn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ìyókù. Lórí ilẹ̀, náítírójìn ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi, omi á máa tẹ̀ wá, náítírójìn á sì máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara wa lọ. Ọ̀nà tó gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde, ṣùgbọ́n ó fẹ́ sùúrù. Bí ènìyàn bá fi ìkánjú jáde kúrò nínú omi, tàbí tó gun ibi gíga nígbà tí èyí tó wà lára rẹ̀ kò tíì jáde tán, ńṣe ló máa hó nínú ara. Àwọn mìíràn á kàn ní oríkèé ń ro àwọn. Àwọn mìíràn kì í lè gbé ẹsẹ̀ mọ́.

O ó rántí Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé lórí òkun wa ní Nàìjíríà lóṣù karùn-ún ọdún 2013. Ó tó wákàtí 60 tó fi wà nínú àyè kékeré kan tí afẹ́fẹ́ há sí nínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bíi mítà 30 sísàlẹ̀, kí àwọn tó mòòkùn wá kó òkú tó bá a láàyè. Wọn ò lè kàn fà á síta bẹ́ẹ̀. Inú yàrá onírin kan tí wọ́n fún afẹ́fẹ́ mọ́ ni wọ́n gbé e sí fún bí ọjọ́ méjì, kí náítírójìn tó ti kún ara rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá mú un jáde sí gbangba lójú ẹsẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ìbá bọ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn. (Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìmòòkùn. Bá mi sọ ìyẹn fún màmá.)

Ìwọ ò ní lọ jìn tó bẹ́ẹ̀, o ò sì ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọjá mítà 18, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá sì wọlé kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Síbẹ̀ náítírójìn ti wọlé. Ìlànà tí àwọn DAN, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ìlera àwọn tó ń mòòkùn, fi lélẹ̀ ni pé ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ dúró fún ó kéré tán wákàtí 12 kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ẹni tó ti mòòkùn léraléra fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wákàtí 18. Èmi máa ń sọ pé wákàtí 24 kí ọkàn lè balẹ̀. Ìdí ni pé bí ọkọ̀ òfúrufú bá wà lókè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400. Wá wò ó: etí kòtò Ngorongoro níbi tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wà ga tó nǹkan bíi mítà 2,300. Kódà bí ẹ bá fi mọ́tò gùn ún, kò yàtọ̀ sí pé ẹ wọ ọkọ̀ òfúrufú, kí a má tíì sọ ti ọkọ̀ òfúrufú kékeré tó máa gbé yín láti Zanzibar lọ sí Arusha, ìlú tí wọ́n ti ń lọ sí Ngorongoro. Nítorí náà ẹ kọ́kọ́ lọ wo kìnnìún. Ẹ fi òkun ṣe ìkẹyìn, kí ọjọ́ kan gbáko sì wà láàárín omi àti ọkọ̀ òfúrufú, tí ẹ ó fi máa jẹun, tí ẹ ó fi rìn kiri Stone Town, ìlú àtijọ́ Zanzibar.

Ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ tà fún ọ, ìtọ́wò ni. Kò burú fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ara òun máa gbà á. Wọ́n á kọ́ ọ ní nǹkan díẹ̀, olùkọ́ á di jákẹ́ẹ̀tì rẹ mú, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọjá mítà 12. Nínú òkun, olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ mú ju ènìyàn mẹ́rin lọ nínú irú èyí. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni “ọjọ́ tí a bá dé gan-an” àti “láìsí ẹ̀kọ́”. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú kò sùn dáadáa, omi ti gbẹ lára rẹ̀, etí rẹ̀ sì lè ṣì dí. Ẹni tí etí máa ń dùn nígbà tí ọkọ̀ bá ń balẹ̀ ló yẹ kó sá fún un jù. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o ṣáà máa mí, pé kò sí nǹkan mìíràn láti mọ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o sì máa lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ kọ́ ọ délẹ̀, káàdì ni wọ́n máa fún ọ níparí rẹ̀, yálà ti PADI tàbí ti SSI, ìyẹn àwọn àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ ìmòòkùn; káàdì náà kì í sì í kú. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún pín sí mẹ́ta: èyí tí o máa kà, èyí tí o máa ṣe nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́, àti ìmòòkùn mẹ́rin nínú omi gbangba. Inú òkun Zanzibar ni mẹ́rin yìí yóò ti wáyé. Èyí tí ń bẹ nínú ìwé àti nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ kò nílò Zanzibar rárá. Mo ti rí àwọn tí wọ́n sanwó hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi létí òkun, tí wọ́n wá jókòó sínú yàrá pẹ̀lú fóònù tí wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ nípa ìwúwo omi, nígbà tí ìyàwó tàbí ọkọ wọn ń jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó níta. Ka tìrẹ sílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wá ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ní Manchester tó máa mú ọ nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Olùkọ́ á fọwọ́ sí ìwé pé o ti ṣe apá yìí yanjú, wàá sì gbé ìwé náà lọ bá àwọn ti Zanzibar kí wọ́n parí rẹ̀. Oṣù 12 ni PADI fún ọ láti fi parí rẹ̀. Owó rẹ̀ lè ju pé kí o ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́hùn-ún lọ. San án. Ọjọ́ mẹ́rin tó yẹ kó lọ sórí ẹ̀kọ́ á di ọjọ́ méjì.

(O lè parí gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn kòtò ìwakúsà àtijọ́ tí omi ti kún bíi Stoney Cove ní Leicestershire. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ti kọ́ ọ. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń wá ìsinmi.)

O ní o mọ̀ ọ́n wẹ̀ “díẹ̀”. Wọ́n máa dán ọ wò: mítà 200 láìdúró, bó o bá ṣe fẹ́ wẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tó máa ka ìṣẹ́jú, tàbí mítà 300 bí o bá wọ ìbòjú onígíláàsì, pọ́ọ̀pù tí a fi ń mí lójú omi, àti bàtà onílẹbẹ. Lẹ́yìn náà wàá léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láì di nǹkan mú. Nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó gùn ní mítà 25, àlọ àti àbọ̀ mẹ́rin ni 200 yẹn. Bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Wàyí o, etí. Etí ló ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà lójú ọ̀nà, kì í ṣe ẹja. Ní mítà 10 sísàlẹ̀, ohun tó ń tẹ̀ wá ti di ìlọ́po méjì èyí tó wà lójú omi. Kó tó di ìlọ́po mẹ́rin, ó di mítà 30. O rí i pé mítà díẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni ìyípadà ti yára jù, ibẹ̀ náà sì ni etí ti máa ń fa ìjọ̀gbọ̀n. Bí o bá fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ọ̀rá omi mímu, tí o so ẹnu rẹ̀, tí o sì gbé e dé mítà 10, yóò sún kì di ìdajì. Bí o bá wá fẹ́ ẹ kún níbẹ̀ tí o gbé e padà sókè, yóò bẹ́. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ nínú ìmòòkùn fi jẹ́ pé o ò gbọdọ̀ sé èémí rárá, pàápàá nígbà tí o bá ń gòkè: ẹ̀dọ̀fóró rẹ ni ọ̀rá yẹn. Àyè tó wà lẹ́yìn ìlù etí náà ń sún kì bákan náà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń fa ìlù etí wọnú. Ìrora tí o máa ń ní nínú ọkọ̀ òfúrufú nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Fi ìka méjì di imú rẹ, pa ẹnu dé, kí o wá fẹ́ afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni fẹ́ fọn ikun imú. Wàá gbọ́ “tọ́” nínú etí méjèèjì. Ṣe é lójú omi kí orí rẹ tó wọlé, ṣe é ní ìdajì mítà, ṣe é léraléra kí ìrora kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró kó dùn ún kó tó ṣe é ti pẹ́ jù. Sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn, kí ẹsẹ̀ ṣáájú orí. Bí etí kan bá kọ̀, gòkè padà ní mítà kan, kó o tún un gbìyànjú; má fi agbára fẹ́ ẹ. Olùkọ́ tó bá ní kí o fara dà á, olùkọ́ tí kò yẹ kó mú ènìyàn wọ omi ni. Láti òní lọ, máa ṣe é nílé ní ìgbà bíi mélòó kan lójúmọ́. Bí o kò bá gbọ́ “tọ́” yẹn rárá, tàbí tí etí rẹ ń ṣọyún nígbà tí o wà lọ́mọdé, jẹ́ kí dókítà etí wò ó kí o tó sanwó fún ohunkóhun. Má fi òwú tàbí ohunkóhun dí etí wọ omi. Bí kátà bá sì mú ọ, má wọ omi lọ́jọ́ náà. Àwọn kan máa ń lo oògùn kí imú lè là. Oògùn náà lè ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà tí o ṣì wà nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wá há sínú orí rẹ nígbà tí o bá ń gòkè.

Ohun kejì tó ń dẹ́rù ba ènìyàn ni omi nínú ìbòjú. Olùkọ́ á ní kí o jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀ títí yóò fi bo imú, kí o sì máa fi ẹnu mí lọ. Ọpọlọ rẹ á pariwo pé o ti kú. O kò kú. Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, fi ìka tẹ etí òkè ìbòjú náà mọ́ iwájú orí, kí o sì fi imú mí jáde gbọọrọ: omi á gba ìsàlẹ̀ jáde. Wọ́n máa ní kí o ṣe é títí yóò fi sú ọ. O lè bẹ̀rẹ̀ nílé ìwẹ̀: dúró sábẹ́ ṣáwà, jẹ́ kí omi máa dà lé imú àti ojú rẹ, má fi ọwọ́ dí imú, kí o sì máa fi ẹnu mí láìkánjú. Ẹni tó bá lè ṣe èyí fún ìṣẹ́jú méjì ti borí ìdajì ìpayà.

Irun ńkọ́? Kò sí ẹni tó máa ń sọ èyí fún àwọn obìnrin wa. Rọ́bà ẹ̀yìn ìbòjú gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn orí kọjá lókè etí. Bí o bá di ṣùkú, gegele àárín orí yẹn á máa tì í kúrò láyè rẹ̀. Dì í sẹ́yìn bíi kólẹ́sẹ̀ kí o sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ẹyọ irun kan ṣoṣo tó bá há sábẹ́ etí ìbòjú níwájú orí tó láti jẹ́ kí omi máa jò wọlé ní gbogbo ìgbà. Wíìgì, fi í sílé. Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà ní tirẹ̀: irun ètè òkè tó wà lábẹ́ imú gan-an ló ń jẹ́ kí omi wọlé.

Ìwé ìlera wà tí o máa kọ nǹkan sí kí o tó bẹ̀rẹ̀, jọ̀wọ́ má parọ́ nínú rẹ̀. Ikọ́ fée (asthma), àrùn ọkàn, wárápá, iṣẹ́ abẹ etí tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró: dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láàárín wa, mo máa ń béèrè ti jẹ́nótáípù. Ẹni tó bá jẹ́ SS, kó má ṣe é. Ẹni tó jẹ́ AS, kì í ṣe ìdènà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n sọ fún dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn, kí o sì máa mu omi dáadáa. Bí o bá rò pé o ti lóyún, sún un síwájú. Ní ti oògùn ibà tí wọ́n máa fún yín fún Tanzania, sọ fún wọn pé o máa mòòkùn, kí wọ́n má fún ọ ní mefloquine. Òòyì àti ìdààmú tó máa ń fà jọ àmì àìsàn náítírójìn débi pé kò ní sí ẹni tó máa mọ èwo nínú méjèèjì ló ń ṣe ọ́.

Ní oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ kusi ló ń fẹ́ ní Zanzibar, láti gúúsù. Ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn máa ń ru nígbà mìíràn. Apá àríwá, Nungwi àti Kendwa, àti ẹ̀gbẹ́ Stone Town sábà máa ń rọlẹ̀ ju ibẹ̀ lọ. Mnemba ni gbogbo ènìyàn máa dárúkọ fún ọ, erékùṣù kékeré níwájú Matemwe tí òkúta iyùn yí ká. Ó dára lóòótọ́, alábahun òkun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ arìnrìn-àjò tó ń lé dọ́fìnì kiri ń pọ̀ níbẹ̀. Fún ìmòòkùn àkọ́kọ́, mo fẹ́ràn àwọn òkúta iyùn iwájú Stone Town. Ọkọ̀ Great Northern, tí wọ́n fi ń tẹ́ wáyà tẹligíráàmù sísàlẹ̀ òkun kó tó rì ní 1902, wà ní nǹkan bíi mítà 12 péré. Omi á tutù tó nǹkan bíi ìwọ̀n 25. Ó lè jọ ohun tó gbóná létí, ṣùgbọ́n bí o bá ti lò tó ìṣẹ́jú 40 nínú rẹ̀, wàá máa gbọ̀n. Béèrè aṣọ ìmòòkùn tó nípọn tó mílímítà 5. Àkókò tí àwọn àbùùbùtán ń kọjá náà ni. Nígbà mìíràn wàá gbọ́ orin wọn nísàlẹ̀ láì fojú rí wọn. Bí ilé tí ẹ wọ̀ bá wà ní ìlà oòrùn, má bínú bí aago tí ọkọ̀ máa gbéra bá ń yí padà lójoojúmọ́. Omi òkun níbẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn jìnnà gan-an, ọkọ̀ sì ní láti dúró kó padà wá. Wọ bàtà bí ẹ bá ń rìn létí omi nígbà náà, òòrẹ̀ òkun pọ̀, ẹ̀gún rẹ̀ kì í tètè jáde.

Nípa ilé ẹ̀kọ́ tí o máa mú lọ́hùn-ún, má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye owó. Béèrè pé ènìyàn mélòó ni olùkọ́ kan máa mú. Wọ́n gbà á láyè kó tó mẹ́jọ, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni mo lè fọkàn tán, méjì ló dára jù. Ṣé ọ́síjìn ìtọ́jú wà nínú ọkọ̀? Ibo ni yàrá onírin tí wọ́n ń gbé aláìsàn náítírójìn lọ wà, báwo sì ni ẹ ṣe máa dé ibẹ̀? Ẹni tó bá mọṣẹ́ á dáhùn láì ronú. Béèrè bóyá owó ìdáàbòbò òkun Mnemba wà nínú owó tí wọ́n pè. Láti oṣù kẹwàá 2024 ni Zanzibar ti ń gba dọ́là 44 owó ìbánigbófò lọ́wọ́ àlejò àgbà. Má fi ìyẹn rọ́pò ti ìmòòkùn. Ra èyí tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun máa san owó yàrá onírin yẹn.

Àmì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o ti mọ̀ sínú kó o tó débẹ̀. Àtàǹpàkò nínà sókè kì í ṣe “ó dára” lábẹ́ omi. “Mo fẹ́ gòkè” ni. “Ó dára” ni pé kí o fi orí àtàǹpàkò kan orí ìka tó tẹ̀ lé e kó rí róbótó. Àwọn tiwa máa ń ṣi èyí lò, inú ẹni á máa dùn, olùkọ́ á sì mú un padà sókè. Bó bá sì jẹ́ pé o fẹ́ gòkè lóòótọ́, na àtàǹpàkò náà láìtijú. Ẹnikẹ́ni lè dá ìmòòkùn dúró nígbàkígbà, kò sì sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í nídìí.

Ní ti ọkọ rẹ, má fà á wọ̀ ọ́. Ó lè bá yín wọ ọkọ̀, kó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kó sì máa fi pọ́ọ̀pù wo ẹja láti ojú omi, bí ẹnì kan bá wà nítòsí rẹ̀. Bó bá fẹ́ ju ìyẹn lọ, kó lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Manchester láti ìsinsìnyí. Àkókò tí èrò máa ń pọ̀ jù ní Zanzibar lẹ nlọ yẹn, nítorí náà kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì sọ fún wọn nínú ìwé àkọ́kọ́ pé o ti máa ṣe ti odò ìlúwẹ̀ẹ́ kí o tó dé.